Ìgò Alaalẹ́: Ta Ló Ń Pàṣẹ Fún Ta?

 

Ọ̀rọ̀ ọtí ni a fẹ́ bá yín sọ. A kò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. A kò sì ń sọ̀rọ̀ ọ̀mùtí tó ń ṣubú lójú títì. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn. Ọmọdé pàápàá ń tọ́ka sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ẹni tí kò ṣubú rí. Ó ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ó ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ó ń kí àgbà. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, ó gbọ́dọ̀ mu ìgò kan tàbí méjì. Lánàá ó mu. Lónìí yóò mu. Lọ́la yóò mu.

Ìbéèrè wa nìyí: ṣé irú ọtí bẹ́ẹ̀ ti di ìṣòro, àbí kò tíì dà á? Báwo ni èèyàn ṣe lè mọ̀?

Èrò tiwa ni pé ìyó kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni èyí: bí ẹ bá fẹ́ fi ọtí náà sílẹ̀ lálẹ́ òní, ṣé ẹ lè fi í sílẹ̀? Bí ẹ bá lè fi í sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ìgò. Bí ẹ kò bá lè fi í sílẹ̀, ìgò ló ni yín.

AKPAKPA NÍGBÀ TÍ IṢẸ́ BÁ PARÍ

Ẹ jẹ́ ká wo Akpakpa. Akpakpa ni apá Kùtọnu tó wà ní ìlà-oòrùn ọ̀sà. Ẹni tó bá ti Pobẹ̀ tàbí Sakẹ́tẹ́ wá, tó gba Àjàṣẹ́ kọjá, Akpakpa ni yóò kọ́kọ́ dé, kó tó gun afárá lọ sí ọjà Dantokpa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá wà. Ibẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bíà La Béninoise wà. Ọdún 1957 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ bíà náà sílẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. SOBEBRA ni orúkọ tó ń jẹ́ lónìí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó fi abúlé sílẹ̀ ló ń gbé Akpakpa. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́. Àwọn kan ń ru ẹrù. Àwọn kan ń fi alùpùpù gbé èrò, àwọn tí à ń pè ní zémidjan. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ó ti rẹ̀ wọ́n. Yàrá wọn kéré, ó sì gbóná. Ìyàwó ẹlòmíràn ṣì wà lábúlé. Níbo ni kí wọ́n lọ? Ilé ọtí wà nítòsí, èyí tí àwọn ará Kùtọnu ń pè ní buvette. Àga wà níbẹ̀. Iná wà níbẹ̀. Orin wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó gbọ́dọ̀ ra nǹkan. Ìgò kìíní nìyẹn.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wá ọtí wá síbẹ̀. Ibi ìjókòó ni wọ́n ń wá. Ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá. Ọtí ni owó ìjókòó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tàbí lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀rẹ́ lè má wá mọ́, orin lè má dún mọ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ á ṣì máa gbé èèyàn lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ará ìlú nìyí, pé kò kan ará abúlé. Ọ̀pẹ ni ọrọ̀ ilẹ̀ wa. Níbi tí ọ̀pẹ bá wà, ẹmu á wà. Níbi tí ẹmu bá wà, sódábì á wà. Ẹmu ni wọ́n ń sè tí wọ́n fi ń rí sódábì: ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá, á tutù, á di ọtí líle. Ìtàn sọ pé ọmọ ìdílé Sodabi, ní agbègbè Allada, ló kọ́ ọ ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ogun ọdún 1914 sí 1918. Orúkọ ìdílé náà ni ọtí náà ń jẹ́ títí di òní.

OHUN TÓ YÍ PADÀ

Ọtí kì í ṣe àjèjì láàárín wa. A fi ń sọmọ lórúkọ. A fi ń gbé ìyàwó. A fi ń ṣe òkú àgbà. A máa ń ta á sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Àwọn Mùsùlùmí wa kì í mu ún, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì náà kì í mu ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mu ún mọ ìdí tí òun fi ń mu ún. Ọjọ́ ayẹyẹ á dé, a ó mu, ọjọ́ náà á kọjá, ó parí.

A kò ní purọ́ pé kò sí ọ̀mùtí láyé àtijọ́. Ó wà. Ṣùgbọ́n ọtí máa ń dúró de ìdí nígbà náà. Lónìí, wíwọ̀ oòrùn ti tó ìdí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò sí ọjọ́ tí oòrùn kì í wọ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí a ń ṣe títí tí kò fi ṣeé fi sílẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni bárakú. Kò sí ẹni tó jí lọ́jọ́ kan tó sọ pé, «Lónìí ni ọtí yóò di bárakú fún mi.» Ó máa ń yọ́ wọlé ni.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÌGÒ NÁÀ?

Ẹ mú bébà àti kálàmù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò.

Ká ní ìgò bíà ńlá gba sẹntilítà 65. Ẹ wo ara ìgò náà: wọ́n kọ agbára ọtí rẹ̀ sí i. Ká ní wọ́n kọ 5 nínú 100. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ògidì ọtí tó wà nínú ìgò náà jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25. Ìyókù jẹ́ omi àti àwọn nǹkan mìíràn.

Ẹ wá wo sódábì. Agbára rẹ̀ kò dọ́gba, nítorí ọwọ́ ẹni tó sè é ni agbára rẹ̀ wà. Ká ní ó jẹ́ 45 nínú 100. Ife kékeré tó gba sẹntilítà 5 ní ògidì ọtí bíi gíráàmù 18. Ife kékeré 3 ti lé ní gíráàmù 50. Ó ti ju ìgò bíà ńlá 2 lọ! Nítorí náà, ẹni tó sọ pé, «Èmi kì í mu púpọ̀, ife kékeré mẹ́ta péré ni,» kò tíì ṣe ìṣirò.

Níbo ni ọtí náà ń gbà lọ? Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kì í kánjú. Ó lè fọ nǹkan bíi gíráàmù 7 sí 10 ní wákàtí kan. Omi tútù kò lè mú un yára. Kọfí kò lè mú un yára. Ẹni tó mu ìgò ńlá 2 tán ní agogo 11 alẹ́, ọtí lè má tíì tán lára rẹ̀ ní agogo 4 òwúrọ̀, nígbà mìíràn títí di agogo 6. Bó bá jẹ́ zémidjan ni, tó sì gbé alùpùpù jáde ní agogo 5, ọtí àná wà lára rẹ̀ pẹ̀lú èrò tó gbé sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ á búra pé òun kò mutí láàárọ̀ yìí. Òótọ́ ló sì sọ.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Ní ọdún 1984, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, John Ewing, tẹ ìbéèrè 4 jáde tí àwọn dókítà ń lò títí di òní. Kò ṣòro. A kọ ọ́ síbí lọ́nà tiwa. Kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lóhùn. Ẹ kò ní láti sọ ìdáhùn náà fún ẹnikẹ́ni.

1. Ǹjẹ́ ẹ ti rò ó rí pé ó yẹ kí ẹ dín ọtí kù?

2. Ǹjẹ́ inú ti bí yín rí nítorí pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí ọtí tí ẹ ń mu?

3. Ǹjẹ́ ọkàn yín ti dá yín lẹ́bi rí nítorí ọtí?

4. Ǹjẹ́ ẹ ti mu ọtí rí ní kùtùkùtù, kí ara tó lè balẹ̀, tàbí kí ọwọ́ má baà gbọ̀n?

Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ «bẹ́ẹ̀ ni» sí 2 nínú wọn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó yẹ kí ẹ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìbéèrè kẹrin nìkan ni ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí, ẹ má dúró de èkejì.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀ tó ní, «Ṣé ẹ máa ń ṣubú?» Kò sí èyí tó ní, «Ṣé ẹ máa ń jà?» Ẹni tí ọtí ti mú lè máa rìn gaara.

OHUN TÍ WỌ́N MÁA Ń SỌ

«Ọtí kì í pa mí. Tẹ́lẹ̀, ìgò kan ń kọ́ mi lójú. Nísinsìnyí ìgò mẹ́ta kò ṣe mí ní nǹkan kan.» Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fi èyí yangàn. Kì í ṣe agbára. Ara ti mọ́ ọtí ni, ó sì ń béèrè sí i. Ẹ̀dọ̀ wọn kò lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmì ewu ni, kì í ṣe oyè.

«Mo fi ń sùn ni.» Òótọ́ ni pé ọtí máa ń tètè mú oorun wá. Ṣùgbọ́n ó máa ń já oorun náà ní ààjìn. Èèyàn á jí, á tọ̀, ọ̀fun á gbẹ, ojú á là. Láàárọ̀ ara á wúwo. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ti àná lọ, á tún wá ìgò lọ. Ọtí ló ń dá àárẹ̀ náà sílẹ̀, òun náà ló ń ta oògùn rẹ̀.

«Sódábì tí a fi egbò rẹ̀ ń wo ibà.» Ibà ní oògùn tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ewé àti egbò lè ní iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu àgbo nínú ọtí líle láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ọtí líle ló ń mu.

«Owó mi ni mo fi ń mu.» Ẹ jẹ́ ká wo owó náà. Ká ní ìgò kan jẹ́ 600 fáráńkì. Ìgò kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 30, jẹ́ 18 000 fáráńkì. Fún ọdún kan, ó jẹ́ 219 000. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba Benin gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti 40 000 dé 52 000 fáráńkì. Ẹni tó ń gba 52 000, tó ń mu ìgò kan lójúmọ́, ti fi owó tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀ sí ilé ọtí. Bó bá jẹ́ ìgò méjì ni, 36 000 ti lọ, 16 000 ló kù. Inú 16 000 yẹn ni ilé, oúnjẹ, ìwé ọmọ àti ìyá tó wà lábúlé yóò ti pín. Ṣé owó tirẹ̀ nìkan ni lóòótọ́?

ÈYÍ TÓ Ń PANI LÓJIJÌ ÀTI ÈYÍ TÓ Ń PANI DÍẸ̀DÍẸ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú lójijì. Ojú wọn á kọ́kọ́ fọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu ló ní májèlé nínú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní methanol. Gbogbo ìlú dìde. Ìjọba dìde. Àwọn oníwèé ìròyìn dé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgò alaalẹ́ kì í pani ní alẹ́ kan. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ọdún ogún. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Láti ọdún 1988 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún àgbáyé ti kọ ọtí mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè sọ pé kò léwu rárá. Àjọ kan náà ṣírò pé èèyàn 2 600 000 ni ọtí pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2019. Nígbà tí baba kan bá kú báyìí ní Akpakpa tàbí ní abúlé wa, ta ló ń pe ìpàdé? A ó ní inú ló wú. A ó ní ayé ló ṣe é. A ó sì ra ọtí fún àwọn tó wá ṣèdárò.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ohun tí a rò pé ó yẹ ní ṣíṣe nìyí.

Ẹ̀yin tó ti mọ ìwé kọ, ẹ fi ìwé náà ṣiṣẹ́. Ẹ fa ilà sí bébà, kí ẹ kọ ọjọ́ 1 títí dé ọjọ́ 30. Lálaalẹ́, ẹ kọ iye ìgò tàbí iye ife tí ẹ mu. Ẹ kọ owó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má tan ara yín. Ìrántí máa ń gbàgbé ìgò kejì, ṣùgbọ́n bébà kì í gbàgbé. Ní ìparí oṣù, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọjọ́ 3 láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ní mu rárá. Ẹ má yan ọjọ́ tí owó ò sí lọ́wọ́; ìyẹn kì í ṣe ìdánwò. Ẹ yan ọjọ́ tí owó wà lọ́wọ́, tí ọ̀rẹ́ sì ń pè yín. Bó bá rọrùn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì fi kún ọjọ́ náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè wa. Kì í ṣe ìtìjú. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀, tó ń làágùn, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi bó bá mu, kò gbọdọ̀ já ọtí lójijì ní òun nìkan. Gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Kó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n á fún un ní oògùn tí yóò fi máa fi í sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Obìnrin tó lóyún kò gbọdọ̀ mu ọtí kankan, ì báà jẹ́ ẹmu, nítorí ohun tí ìyá bá mu ni ọmọ inú ń mu.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin àbúrò, ẹ̀yin ọmọ, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn yín. Ẹ má sọ ọ́ nígbà tí ọtí wà lójú rẹ̀. Ẹ dúró di àárọ̀. Ẹ má pè é ní ọ̀mùtí. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rí i pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí nọ́ọ̀sì.» Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú wa. A kò lè sọ fún ọ̀dọ́kùnrin Akpakpa pé kó má lọ sí ilé ọtí mọ́, ká sì fi í sílẹ̀ nínú yàrá gbígbóná ní òun nìkan. A ti rí i pé ìjókòó ló kọ́kọ́ wá. Ẹ jẹ́ ká wá ibi ìjókòó mìíràn fún ara wa. Ẹ gbé ọpọ́n ayò síta. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan tó wà ní Kùtọnu lè yan ilé kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa pàdé lálẹ́, níbi tí omi tútù àti oúnjẹ wà, tí wọn kò ní fi dandan mú ẹnikẹ́ni ra ọtí. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé lálẹ́ náà lè jẹ́ irú ibẹ̀. Ẹni tó bá ní ibi tó ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ á tètè yọ kúrò lára ìgò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sí etí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ẹ kà á fún ẹni tó ń bọ̀ láti Akpakpa wá kí ilé. Kí ó sì fa ilà tirẹ̀ lálẹ́ òní, kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀.